Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Mo Gbìn Sínú Yìnyín

Ní Àpòmù, èmi ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ ohun tí yìnyín dúró fún. Tíṣà lítíréṣọ̀ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, láti ilé wa ní Ìkirè ni mo sì ti ń wọ ọkọ̀ lọ láràárọ̀. Bí a bá ti dé orí ewì àwọn ará Amẹ́ríkà, màá kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù: yìnyín, ikú, igbó, àdììtú, ojú ọ̀nà, ìgbésí ayé ẹ̀dá, ẹyẹ, òmìnira. Àwọn ọmọ á dà á kọ. Bí ìdánwò bá dé, wọ́n á dá a padà fún mi bí mo ṣe fún wọn, inú mi á sì dùn. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé, "Àpótí ni ewì. Bí o bá ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó parí."

Mi ò tíì rí yìnyín nígbà náà, àfi èyí tó máa ń bá òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó máa ń lu páànù gbà-gbà-gbà, tí àwọn ọmọdé á sáré jáde lọ ṣà á sẹ́nu. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kò pariwo. Mo jí, mo wojú fèrèsé, gbogbo ayé ti funfun, kò sì sẹ́ni tó ké gbàjarè. Kò jọ ikú rárá. Ó jọ ìgbà tí èèyàn fi aṣọ bo oúnjẹ kí eṣinṣin má bà á. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, mọ́tò ti tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹrẹ̀, ó ti dúdú bí omi ìfọṣọ, àwọn èèyàn sì ń fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń bú u. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo ń rántí ohun tí mo kọ sójú bọ́ọ̀dù ní Àpòmù. Ojú tì mí, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀.

Ewì Amẹ́ríkà yìí náà ló gbé mi lọ síbẹ̀. Yunifásítì kan ní ìlú kékeré kan tí òtútù rẹ̀ kò mọ ẹni ọ̀wọ̀ ló gbà mí láti kà á gboyè kejì. Ìyáàfin tó ń kọ́ wa ti hu ewú, wọ́n á tó ìyá mi lọ́jọ́ orí, àmọ́ wọ́n ní ká máa pe àwọn ní Hẹ́lẹ́nì, bẹ́ẹ̀ gan-an, láìfi nǹkan kan ṣáájú rẹ̀. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Mà" ni mo ń pè wọ́n títí dòní.

Ní kíláàsì àkọ́kọ́, wọ́n fún wa ní ewì kan tó sọ̀rọ̀ nípa ẹṣin tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà nínú òjò. Wọ́n bi wá pé, "Kí lẹ rí?"

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́. Ọmọ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni mí. Mo ní, "Ẹṣin náà dúró fún òmìnira tí wọ́n fi okùn dè, Mà."

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀," ni Hẹ́lẹ́nì wí. "Ṣùgbọ́n kí ni ẹṣin náà ń ṣe?"

Mo wo ìwé. Mo tún un wò. Mo ti yára dé orí ìtumọ̀ débi pé mi ò ráyè wo ẹṣin. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rúùtù, tí oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ló gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè díẹ̀. Ẹṣin tó bá ń tòògbé lórí ìdúró ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Oorun ló ń sùn." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi ni wọ́n ń rín, oorun ẹṣin ni, àmọ́ ara mi gbà á bíi pé èmi ni.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti dákẹ́. Màá jókòó, màá kàwé tán kí n tó wá, màá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní sọ ọ́. Ẹlòmíì á sọ ọ́, wọ́n á ní ó dáa, màá wolẹ̀.

Mo rí iṣẹ́ díẹ̀ ní láíbìrì, pé kí n máa dá ìwé tí wọ́n bá kà tán padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló le. Ní Ìkirè, bí mo bá jáde nílé, kí n tó dé ibi tí màá ti wọkọ̀, màá ti kí èèyàn títí ọ̀nà ọ̀fun á gbẹ. Ẹ kú òwúrọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ilé ńkọ́, ara màmá ńkọ́. Níhìn-ín, èmi àti ẹni tá a jọ ń to ìwé á wà pa pọ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán, a ò ní bára wa sọ ju pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tàbí kò ṣí. Nígbà míì, màá kí ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni o. Bí mo bá gbé èyí tó wúwo, màá ní, "Ẹ kú ìrìn o," màá tì í bọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Sátidé ni mo máa ń pe ilé. Bàbá ló máa ń gbé fóònù, ohùn wọn á sì ti lọ sókè kí n tó kí wọn tán.

"Ọ̀mọ̀wé! Ṣé ò ń kọ́ àwọn òyìnbó ní ewì wọn?"

"A jọ ń kà á ni, sà."

"Má rẹ ara rẹ sílẹ̀. Ṣé ìwọ náà ń dá sí i?"

"Mò ń dá sí i, sà."

Wọ́n á gbé fóònù fún ìyá mi. Ojú títì tó lọ láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni ìyá mi ti ń dín dòdò tà, dòdò Ìkirè tí gbogbo arìnrìn-àjò mọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí a gún mọ́ ata àti iyọ̀, tí a fi epo pupa dín títí á fi dúdú. Màá máa gbọ́ fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn wọn, àti ohùn àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Ìyá mi kì í béèrè ewì. Wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun? Kí lo jẹ?" Kí n tó dáhùn, wọ́n á ti yíjú sí oníbàárà: "Ó gbóná o, bọ̀dá, ẹ rọra." Tá a bá parí ọ̀rọ̀, èémí òtútù ilẹ̀ Amẹ́ríkà á tún wá bá mi nínú yàrá.

Nígbà tí òtútù ń kásẹ̀ nílẹ̀, Hẹ́lẹ́nì ní kí oníkálukú mú ewì kan, kó wá túmọ̀ rẹ̀ níwájú kíláàsì. Mo ń ṣí ìwé kan ní láíbìrì, ìwé àkójọ ewì tó nípọn bí búrẹ́dì, ni ọ̀rọ̀ kan bá dìde sí mi lójú. "Plantain." Mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Ewì kúkúrú ni. Ọkùnrin kan padà sílé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tí ìyá náà ti kú. Ilẹ̀kùn ti jábọ́, òrùlé ti jìn, kànga ti dí. Yìnyín ń yọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ohun kan ṣoṣo tó kù lẹ́nu ọ̀nà ni "plantain". Ibẹ̀ ni ewì náà parí sí.

Mo ka ewì yẹn, omi bọ́ lójú mi sórí tábìlì ìjọba. Láti ìgbà tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, kò tíì sí ohun kan nínú ìwé wọn tí mo mọ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n èyí! Ta nínú wọn ló bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ rí kí ó tó lọ sílé ẹ̀kọ́? Ta ló mọ̀ pé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kú láìfi ọmọ sílẹ̀ nídìí ara rẹ̀? Bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ìtumọ̀ náà dúró gbọn-in: ìyá ti lọ, ọmọ ti dé, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹlẹ́rìí.

Mo rí yìnyín tó wà nínú ewì náà. Mi ò lè purọ́ pé mi ò rí i. Mo bi ara mi pé báwo ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe máa hù níbi tí yìnyín ti ń yọ́, mo sì dá ara mi lóhùn kíá: yìnyín dúró fún ikú.

Rúùtù ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ìlú ńlá kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù Áfíríkà, torí mo fẹ́ dín dòdò Ìkirè fún wọn lọ́jọ́ náà. Mo ń rojọ́ fún un lójú ọ̀nà, ó ń gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé plantain yẹn náà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Plantain wo ló tún kù?"

Ó kọjú sí ọ̀nà, ó ń wakọ̀.

Lọ́jọ́ náà, mo sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Mo sọ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń ya lójú atẹ́gùn tí kì í sì í já. Mo pa òwe náà ní Yorùbá, mo túmọ̀ rẹ̀. Mo gbé dòdò yí wọn ká, ata ta wọ́n, wọ́n ń fẹ́ ẹnu, wọ́n ń mú òmíràn. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hẹ́lẹ́nì ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ewì yìí. Mi ò gbọ́ ọ báyìí rí." Rúùtù ló fi fóònù mi ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fi fídíò náà ránṣẹ́ sí bàbá mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bàbá gbé e lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Àpòmù, wọ́n dúró níwájú àwọn ọmọ tí mo kọ́, wọ́n jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ, àwọn ọmọ náà sì pàtẹ́wọ́. Ìyá mi pàápàá, tí kì í bá ewì da nǹkan pọ̀, ń sọ fún àwọn arìnrìn-àjò pé, "Ẹ jẹ ẹ́ dáadáa o. Ó ti wọ ìwé Amẹ́ríkà." Ní Sátidé kan, ẹnìkan tí mi ò mọ̀ rí ló kọ́kọ́ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ní láti Gbọ̀ngán lòun ti wá, òun kàn fẹ́ gbọ́ ohùn mi ni.

Lẹ́yìn náà ni Hẹ́lẹ́nì pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Ìwé àtìgbàdégbà kékeré kan wà tí ẹ̀ka wa máa ń tẹ̀, wọ́n sì ń ronú láti fi ìtumọ̀ mi sínú rẹ̀. Wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Wọ́n yí ojú kọ̀ǹpútà wọn sí mi.

Àwòrán koríko ló wà níbẹ̀. Ó sùn mọ́lẹ̀, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ṣíbí ìgbọbẹ̀, ó ní iṣan gbọọrọ gbọọrọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìrù eku sì yọ láàárín rẹ̀.

"Plantain nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n ń fẹ̀sọ̀ sọ ọ́. "Òun ló wà nínú ewì yẹn. Orúkọ kan náà ni òun àti tiyín ń jẹ́, àmọ́ wọn kò bára wọn tan."

Mo wò ó títí. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀, Mà?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"O ti dákẹ́ tipẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí ẹ tí ojú rẹ tàn. Mi ò fẹ́ pa á." Wọ́n ní kò sí wàhálà, a lè yí i padà, ká pè é ní àròkọ nípa ilé àti ìyá mi. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ṣé ẹ mọ bó ṣe rí? Ó dà bí ẹni tí ìró tú lára rẹ̀ láàárín ọjà, tí kò mọ̀, tó ń rìn lọ, tí gbogbo ọjà sì gbójú sókè tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run nítorí pé wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n hó lé mi lórí.

Nígbà tí mò ń lọ sílé, mo rí i. Koríko náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí mò ń gbà lójoojúmọ́, ewé tuntun ni, ó kún ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án. Mo ṣe ìwádìí rẹ̀ nílé: ibi tí ẹsẹ̀ bá ti tẹ ilẹ̀ mọ́ra ló fẹ́ràn láti máa hù. Àwọn òyìnbó tó kọ́kọ́ tẹ̀dó ló sì gbé e wá láti òkè òkun, kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ náà. Mo tún ewì náà kà. Ẹsẹ̀ ìyá ọkùnrin yẹn ló wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo ìwọlé-wọ̀de rẹ̀ nígbà tó wà láyé. Ewì náà dáa ju èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ lọ, ìyẹn sì tún dá kún ìtìjú mi. Èèyàn kan ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ fún mi, èmi ń fi ariwo ìyá tèmi bò ó mọ́lẹ̀.

Mo kọ̀ kí wọ́n pè é ní àròkọ. Ní kíláàsì tó tẹ̀ lé e, mo tọrọ àyè, mo dìde, mo sọ fún wọn pé mo ṣì í, mo sì sọ ohun tó jẹ́. Nígbà tí mo parí, kò sẹ́ni tí ẹnu yà.

Mo ní, "Gbogbo yín lẹ mọ̀?"

Rúùtù ló dáhùn. "Ọ̀pọ̀ wa."

"Ká ní ọ̀kan nínú yín ló ṣì í báyẹn ńkọ́?"

Wọ́n ń wo tábìlì. Rúùtù ní, "A ò ní jẹ́ kó parí gbólóhùn rẹ̀." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo fẹ́ sọ fún ẹ nínú ọkọ̀. Àánú rẹ ló ṣe mí."

"Mi ò wá síbí gba àánú," ni mo wí, mo bá jókòó.

Ti ilé ló kù. Mo pe bàbá mi lọ́sàn-án Sátidé, mo sì jẹ́ kí wọ́n kí mi tán.

"Bàbá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà nínú ewì yẹn kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Kí ni?"

"Koríko ni, sà. Orúkọ ló papọ̀."

"Koríko."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Mo mọ̀, sà."

"Mo ti lọ sí Àpòmù." Wọn ò bínú. Ohùn wọn kàn fúyẹ́, bí ohùn àgbà tí wọ́n ní kó dìde lórí àga tó ti jókòó sí. Wọ́n gbé fóònù fún ìyá mi.

Ìyá mi ti gbọ́. Wọ́n ní, "Àwọn tó jẹ dòdò ńkọ́? Ṣé wọ́n jẹ ẹ́ tán?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán, Mà."

"Ṣé ìyẹn náà di koríko ni?" Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì jáde pẹ̀lú rẹ̀.

Ó pẹ́ kí bàbá mi tó tún bá mi sọ̀rọ̀. Bí mo bá pè, ìyá mi á ní wọ́n ń sinmi. Mo mọ ìsinmi yẹn. Mo máa ń jókòó sórí ibùsùn mi, màá máa fojú inú rí wọn bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú orí wọn tí kì í tẹ̀. Èmi tí mo wà lókèèrè, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ mí, mo lè fara pa mọ́. Àwọn ńkọ́? Àárín àwọn tó pàtẹ́wọ́ ni wọ́n ń gbé.

Lọ́jọ́ kan, fóònù mi dún, bàbá ló pè. Wọn ò kí mi.

"Mo padà lọ sí Àpòmù," ni wọ́n wí. "Mo sọ fún àwọn ọmọ pé o ṣì í, àti pé èmi náà ṣì í tẹ̀lé ọ. Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ọmọbìnrin kan wá bi mí ní ìbéèrè, mi ò sì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó ní, ta ló gbin koríko ọ̀hún sẹ́nu ọ̀nà?"

"Kò sẹ́ni tó gbìn ín, sà. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀ ló máa ń hù."

Ararọ̀mí-Òwu ni ilé ìyá bàbá mi wà, ó ti di àlàpà.

"Ẹsẹ̀ ìyá ẹni ni, nígbà náà," ni wọ́n wí.

"Òun ni, sà."

"Màá sọ fún ọmọ náà."

Mi ò ní sọ pé ìtìjú náà ti tán. Bí mo bá gbọ́ tí wọ́n dárúkọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láàárín òyìnbó, etí mi á gbóná. Mo ti máa ń rò pé bí mo bá mọ ohun kan tí wọn ò mọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa gbà mí mọ́ra. Wọ́n gbà mí mọ́ra lóòótọ́, bí a ṣe ń gba àlejò: a kì í bá àlejò jiyàn, ohun tó bá wí náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọ jiyàn lo di ará ilé.

Kí sáà yẹn tó parí, a ń ka ewì kan nípa fìtílà tó ń jó lójú fèrèsé lọ́sàn-án gangan. Mo nawọ́. Mo ní ẹni tó ni ilé náà ló ti gbàgbé láti pa á. Ìdí tó fi bani nínú jẹ́ nìyẹn.

"Mi ò gbà," ni Rúùtù wí láti òdìkejì tábìlì. "O ṣì í. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni. Ẹnìkan ló ń retí."

Gbogbo kíláàsì ń wojú mi. Inú mi dùn débi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró.

"Níbo ló ti sọ ọ́?" ni mo bi í. "Fi ìlà rẹ̀ hàn mí."

Ó fi hàn mí. Mo ní ìlà yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ó sọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì dá sí i, mo ní kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Hẹ́lẹ́nì ní àkókò ti tó, kò sẹ́ni tó gbọ́. Èmi àti Rúùtù ń jà á bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, a jà á jáde sí gbangba, a jà á dé ibùdókọ̀. Ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣàlàyé, èmi náà ń fi tèmi ṣàlàyé. Bọ́ọ̀sì wa dé, ó dúró, ó kọjá lọ, a ò rí i.